Ìpanu Tútù Tí Kò Fẹ́ Dì

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ́ jẹ? Àwa níbí ń bẹ, a dúpẹ́. Orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń lọ. Ooru mú púpọ̀ lóṣù tó kọjá, ooru sì ni ọ̀rẹ́ atúnfíríjìṣe: gbogbo ẹni tó ti ń fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ fíríjì rẹ̀ pé yóò dára fúnra rẹ̀ ló rántí ọ̀nà ilé mi.

Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn kò kún ojú ìwé kan. Ṣé yíǹkì ló wọ́n níbẹ̀ ni? O mọ̀ pé etí tí mo fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kò ṣe é fi gbọ́ fóònù mọ́. Bí mo bá gbé e sétí, bíi pé wọ́n dé eṣinṣin mọ́nú ìgò ni. Lẹ́tà nìkan ni mo fi ń gbóhùn rẹ, ìwọ náà sì ń fi ahun kọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n yára kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Àǹtí rẹ Aránṣọ. Òòyì kọ́ wọn nídìí máṣíìnì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí sọ irin. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń ru. Ó fún wọn ní oògùn méjì, funfun kan, yẹ́lò kan, ó ní kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́. Àfi bí obìnrin tó ń gbé lókè ilé wọn ṣe wá sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó yẹ́lò kò lè jáwọ́ mọ́ títí ayé, pé ó ti ba kíndìnrín ẹnì kan jẹ́. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá sọ fún wọn pé, "Kí la ń bẹ̀rù sí? Ṣé a ò ní nọ́ọ̀sì nínú ilé yìí ni?" Mo ní kí wọ́n gbé oògùn náà tì ná títí a ó fi gbọ́ tẹnu rẹ. Fóònù wọn ti já sínú báàfù omi, wọn ò tíì ra òmíràn, torí náà kọ̀wé. Mo da orúkọ oògùn méjèèjì kọ sẹ́yìn ìwé yìí bí mo ṣe rí i lára páálí.

Alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ àdúgbò ní kí n bi ọ́ bóyá ó yẹ kí ó máa mu kọfí. Mo ní kó má dà ọ́ láàmú, pé nọ́ọ̀sì ńlá kì í dáhùn ọ̀rọ̀ kọfí.

Ṣé o máa ráyè wálé ní ìsinmi òpin ọdún?

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí, mi ò ní kí yín kí n tó wọnú ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ka ìlà yìí tán, ẹ gbé ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ bá Àǹtí. Kí wọ́n lo oògùn tí dókítà fún wọn. Bí òòyì bá ṣì ń kọ́ wọn, tàbí orí ń fọ́ wọn, ẹ gbé wọn padà lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Èyí tó kù nínú ìwé yìí lè dúró.

Ṣé ẹ ti dé? Ẹ kú ìrìn. Ẹ jókòó.

Bàbá mi, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ gbólóhùn yẹn sí, mo sì fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Òótọ́ ni pé ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ilé ìdáná ọsibítù ni. Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo ti ń fọ àwo lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kí n lè rí nǹkan jẹ. Mo ṣe ìdánwò, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe, mo tún fìdí rẹmi. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mi ò tiẹ̀ sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo jáde ní yàrá ìdánwò, mo gba ilé ìdáná lọ tààrà, mo so épírọ̀n mọ́dìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó kárọ́ọ̀tì, ara mi sì balẹ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ibi tí ara mi ti balẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ mi wà.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín pé mo ti ríṣẹ́ sí ọsibítù, ẹ̀yin lẹ ka nọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. Èmi ni mi ò yọ ọ́ jáde. Kí lẹ́tà kejì tó dé, ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ẹ ní Àǹtí ti rán aṣọ funfun kan dè mí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ nígbà yẹn? Ọdún mẹ́ta ló ti kọjá. Irọ́ tí èèyàn fi ẹnu dídákẹ́ pa, irọ́ náà ni, mo mọ̀. Àmọ́ mi ò rò ó rí pé ó lè débi tí ẹnì kan máa tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì. Ìyẹn sì wá jẹ́ Àǹtí, tí wọ́n gbé mi sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú. Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé orí mi sí.

Kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Níbí, ní ìgbà òtútù, nígbà tí gbogbo èèyàn bá gba ìsinmi lọ sílé, àwọn aláìsàn kan wà tí kò lè lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ arúgbó, eyín ti tán, ọ̀nà ọ̀fun ti le. Ọsibítù máa ń se oúnjẹ ìsinmi fún wọn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun dídùn tí wọ́n máa jẹ kẹ́yìn. Ọ̀gá ìdáná wa yàn mí láti ṣe é lọ́dún yìí. Ìyá Òṣùwọ̀n ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Mo fura pé ó ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́.

Ìpanu tútù oníkírímù ni. Èèyàn á lọ bísíkíìtì, á fi bọ́tà yíyọ́ pò ó, á tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Á po mílíìkì, ẹyin àti ṣúgà lórí iná tó rọra ń jó, á fi jẹ́látìn díẹ̀ sí i kó lè dì, á jẹ́ kó tutù, á wá da kírímù tó ti lù dáadáa mọ́ ọn. Yóò rọra dà á sórí bísíkíìtì, yóò gbé e sínú fíríjì di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán, la gbọ́dọ̀ ṣe é, torí lọ́jọ́ oúnjẹ gan-an, ọwọ́ kò ní í gbà á. Bó bá dì dáadáa, ó máa ń dúró nínú ṣíbí, ó sì máa ń yọ́ lẹ́nu láìsí pé ẹnikẹ́ni fi eyín rún un.

Tèmi kò dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dán an wò. Òkè rẹ̀ ń làágùn, inú rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ṣe tirẹ̀, kọ́ọ̀bù mẹ́fà péré, ó gbé e sínú fíríjì kékeré tó wà ní yàrá rẹ̀, ó dì dáadáa. Ó ní ọwọ́ mi ló ń kánjú. Ó ní bí ti ọjọ́ ìsinmi kò bá dì, mo máa padà sídìí àwo fífọ̀ lọ́dún tuntun.

Ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ kọ̀wé pé Àǹtí wà. Mo fi èyí ránṣẹ́ lọ́nà tó yá jù.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Mi ò rí èsì gbà. Mo ti ka ọjọ́, mo tún un kà. Ó yẹ kí lẹ́tà mi ti dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti pe nọ́ńbà Àǹtí títí, ohùn kan náà ló ń sọ fún mi pé kò sí.

Ṣé inú ló ń bí yín? Ó tọ́ kó bí yín. Tàbí nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ sọ fún mi? Ẹ má fi èyíinì pamọ́ o. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọdún mẹ́ta máa sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín.

Mo tún ṣe ìpanu náà lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wọn gbogbo nǹkan lójú Ìyá Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ogójì kọ́ọ̀bù ni mo tò sínú fíríjì ńlá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ariwo fíríjì náà ni mo fi ń kọrin nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, nítorí kì í dákẹ́ láé. Mo nu ilẹ̀ tó máa ń tutù níwájú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ̀ ṣubú, mo sì lọ sílé. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, èyí tó wà nísàlẹ̀ dì díẹ̀, èyí tó wà lókè kò dì rárá. Ìyá Òṣùwọ̀n ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè, ó ń kán tó, tó, tó. Kò bú mi. Ó kàn fi ṣíbí náà sílẹ̀, ó jáde.

Oṣù kan péré ló kù. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mò ń rò nínú méjèèjì mọ́. Bí mo bá ń lu kírímù, ojú Àǹtí ni mò ń rí.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ má kọ lẹ́tà gígùn bí kò bá wù yín. Ẹ má kí mi. Ẹ kàn kọ "Ó wà" sórí bébà, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá

Ọmọ mi,

Àǹtí rẹ wà. Wọ́n ń bẹ láàyè, wọ́n ti kúrò ní ọsibítù, wọ́n sì ti ń bá àwọn èèyàn jà. Mo fi ìyẹn ṣíwájú nítorí ibẹ̀ lo máa kọ́kọ́ wò.

Èyí tó kù rèé. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn fírísà oníṣọ́ọ̀bù ẹran kan, ọ̀gbẹ́ni tó ń pín lẹ́tà sì fi í lé mi lọ́wọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà. Mo ka ìlà tí o ní kí n kà. Mi ò tiẹ̀ fọ ọwọ́. Mo fi fírísà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wọ ọkọ̀, mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni àwọn ti ń rí abẹ́rẹ́ kan ní méjì. Oògùn wà nínú agolo bọ́tìnnì, funfun lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀, wọn ò fọwọ́ kan ọ̀kan.

Mo gbé wọn lọ. Dókítà náà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ta ló ní kí wọ́n má lo oògùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu gírísì ọwọ́ mi sára ṣòkòtò. Ó tún béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi la ojú lórí ibi tí wọ́n tẹ́ wọn sí, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má dà á láàmú. Ẹni tó ní kí n dúró ló gbé mi wá yìí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Dókítà ní bó bá ju ọjọ́ díẹ̀ sí i lọ, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá ti yí. Lẹ́tà rẹ ló gbé mi dìde. Jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn kí n tó sọ èyí tó kù.

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo délé tí mo ka ìyókù, inú bí mi débi pé mo gbé lẹ́tà náà pamọ́ sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ kí n má bàa tún rí i. Ọdún mẹ́ta! Mo ti fi ọ́ yangàn fún ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bínú sí ọ tán, mo máa rántí ẹni tó sọ pé kí wọ́n gbé oògùn tì. Dókítà kọ́ ló sọ ọ́, ìwọ náà kọ́. Èmi ni, èmi tí mo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe fáàrí. Ìbínú àti ìtìjú wá di ẹrù méjì lórí ẹnìkan, ìyẹn ló fà á tí mi ò fi lè kọ̀wé. Má bínú.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n wà ní ọsibítù ni mo sọ fún wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ náà kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Oúnjẹ ló ń sè."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé oúnjẹ náà dùn?"

Mo ní, "Èmi ò mọ̀."

Wọ́n ní, "Kí lo wá mọ̀?"

Ọmọ mi, mo rò ó títí mo fi délé. Lóòótọ́, kí ni mo mọ̀? Mo wá yọ lẹ́tà náà lábẹ́ irinṣẹ́, mo tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan. Èkejì rẹ sì dé lánàá. Nígbà tí mo dé ibi fíríjì, mo dìde dúró. Mo ní, "Há! Ọmọ yìí kò ṣẹ̀ rárá!"

Gbọ́. O ní fíríjì náà kì í dákẹ́. O ní ilẹ̀ iwájú ẹ̀ máa ń tutù. O ní ti ìsàlẹ̀ dì díẹ̀, ti òkè kò dì. Ti ọ̀gá rẹ dì nínú fíríjì mìíràn. Kí lo tún fẹ́ kó sọ fún yín, ṣé kó kọ̀wé ni? Ẹ̀rọ tí kò sinmi ń lépa òtútù tó ń jò jáde ni. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ló ti kú, ó sì jọ pé apá òkè ni.

Mú bébà kan. Ṣí ilẹ̀kùn fíríjì náà, fi bébà sẹ́nu ẹ̀, kí ìdajì wà nínú, kí ìdajì wà níta, kí o ti ilẹ̀kùn. Wá fà á. Bí rọ́bà bá dì í mú tó jẹ́ pé o ní láti fagbára fà á, ó dára. Bó bá yọ́ jáde bí ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà lọ. Dán an wò yí ká. Ṣe é lójú ọ̀gá rẹ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí rọ́bà náà bá dọ̀tí lásán, omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yóò tún un ṣe. Bó bá ti sán, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, wá ibòmíràn gbé ìpanu rẹ sí. Má gbé e wọlé ní gbígbóná. Má sì tò ó fún ara wọn pa: òtútù máa ń rìn, ó ń fẹ́ ọ̀nà.

Ọwọ́ rẹ kò kánjú. Sọ fún un pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà yìí náà, mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́nà tó yá jù.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ Ọgbọ̀n, Oṣù Kejìlá

Bàbá mi, Àǹtí mi,

Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu! Àǹtí, ẹ kú ọdún, ẹ kú orí ire. Ẹnu ọ̀nà ilé ni mo ti já lẹ́tà Bàbá. Nígbà tí mo ka ìlà kìíní, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú yìnyín bí mo ṣe wà. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ṣí ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan. Mo sunkún títí ó fi lọ gbé tíì wá.

Bàbá, ọjọ́ kejì, mo mú bébà lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí Ìyá Òṣùwọ̀n jọ̀ọ́ wá fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní òun ò ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣáà wá. Mo fi bébà sí ìsàlẹ̀, mo fà á, kò wá. Mo fi sí àárín, kò wá. Mo fi sí igun òkè, lápá ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara ẹ̀, ó yọ́ jáde bíi pé kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Ó fi síbẹ̀, ó fà á. Ó tún un ṣe. Ó gun àga, ó fìka tẹ rọ́bà náà, ó ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Mo ní, "Bàbá mi. Fíríjì ni wọ́n ń tún ṣe."

"Láti ibo ni wọ́n ti wá rí tiwa?"

"Nínú lẹ́tà mi."

Ó rọra ká bébà náà sí méjì. Ó wá ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá ọ lẹ́bi." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kó gbogbo ewébẹ̀ inú fíríjì kejì jáde kí ààyè lè gbà mí.

Ẹni tó máa pààrọ̀ rọ́bà ti lọ sí ìsinmi, ó ní ó di ọdún tuntun. Fíríjì ewébẹ̀ yẹn nìkan la wá gbójú lé. Àádọ́rùn-ún kọ́ọ̀bù, ọjọ́ méjì ṣáájú oúnjẹ. Mo jẹ́ kí mílíìkì àti ẹyin náà tutù dáadáa, mo lu kírímù, mo fi ààyè ìka méjì sáàárín kọ́ọ̀bù kan sí èkejì bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀rù ń bà mí síbẹ̀. Mo ní bí Bàbá bá ṣì í ńkọ́? Nígbà tí mo padà dé, èmi àti Ìyá Òṣùwọ̀n pàdé níwájú fíríjì náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí i. Nígbà tó yá, òun ló ṣí i. Ó mú kọ́ọ̀bù kan lókè pátápátá, ó dorí ẹ̀ kodò.

Kò mira. Àádọ́rùn-ún, Bàbá! Kò sí ọ̀kan tó làágùn. Ẹ̀rín pa mí, mi ò lè dá a dúró, Ìyá Òṣùwọ̀n náà sì ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí mi ò rí eyín ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ oúnjẹ, ó ní kí n bọ́ épírọ̀n tó ti dọ̀tí, kí n wọ tuntun, kí n bá òun gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Mi ò dé ibẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní láti ọjọ́ márùn-ún ni kò ti gbà ju omi ọbẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan bá mi gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, ó ní kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ó pa ojú dé nígbà tí ṣíbí kìíní wọlé. Mo rò pé ó fẹ́ tu ú. Ó gbé e mì. Ó la ẹnu fún èkejì. Nígbà tí kọ́ọ̀bù ṣófo, ó wo inú ẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ṣé èyí tí ẹ bù fún gbogbo èèyàn nìyí, àbí èmi ni ẹ rẹ́ jẹ?" Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ bo ẹnu. Mo sáré lọ gbé òmíràn wá.

Ìyá Òṣùwọ̀n ti fi orúkọ mi sára àwọn alásè fún ọdún tuntun. Mo ti kúrò nídìí àwo. Wọ́n sì máa fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí òtútù bá rọlẹ̀.

Àǹtí, aṣọ funfun tí ẹ rán dè mí, ẹ má tú u. Alásè náà ń wọ funfun.

Mo da bí mo ṣe ń ṣe ìpanu náà kọ sí ìwé kejì tó wà nínú àpòòwé, iye gbogbo nǹkan fún ẹni mẹ́fà. Bàbá, kí ẹ lè rí ìdáhùn fún ìbéèrè tí Àǹtí bi yín.

Ọmọ yín tó ń fẹ́ràn yín.

*

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kìíní

Ọmọ mi àtàtà,

O kú ọdún o, o kú ìyedún. Àǹtí rẹ ní kí n kí ọ kí n tó kí ọ. Ara wọn le. Wọ́n ti padà sídìí máṣíìnì, bí wọ́n bá sì ti lo oògùn wọn láàárọ̀, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á kígbe sí obìnrin òkè pé, "Mo ti lò ó o, kíndìnrín mi ní kí n kí ọ!"

Mo ti sọ fún àwọn èèyàn. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Alágbẹ̀dẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní nọ́ọ̀sì wa ńkọ́. Mo ní, "Ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Alásè ni, ní ọsibítù. Ẹni tí kò lè gbé oògùn mì, òun ló ń wá ohun tó máa gbé mì." Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá nìyẹn o." Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kò wúlò mọ́.

Wàyí o, ìpanu rẹ. Mo ra gbogbo ẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́. Fíríjì ilé mi kéré, o mọ̀ ọ́n. Mo wá lo ti oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán. Nígbà tó wá gbé e, mo ní kó padà wá lọ́la, pé mo ṣì ń dán an wò. Irọ́ kọ́. Mo lu kírímù títí apá fi fẹ́ bọ́ lára mi. Bí iṣẹ́ rẹ ṣe le tó nìyẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bísíkíìtì tèmi nípọn jù, ẹyin sì fẹ́ di dídín, mo yára gbé e kúrò lórí iná. Àmọ́ ó dì. Mo ní ó dì!

Mo gbé kọ́ọ̀bù méjì lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án àná, mi ò sọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n bu ṣíbí kan sẹ́nu. Wọ́n bu òmíràn. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n padà wá. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ náà ti dé ni? Ibo lo fi í sí?"

Mo ní kò tíì dé. Mo ní ó ń bọ̀, bí òtútù ibẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ka ọjọ́ sára ògiri.

Má sọ mí di òpùrọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi o.

Bàbá rẹ.